Ìdótì Kétu lórí tábìlì káfíńtà: eré ogun kan tó fẹ́ tú wa ká

Àwa tí a ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ṣe eré ogun àtijọ́ lórí tábìlì ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tó bá máa ń jókòó sípò adájọ́. Eré tí mo fẹ́ ròyìn yìí gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wa ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta la tú u palẹ̀. Ó lé ọ̀rẹ́ kan kúrò láàárín wa, òun náà ló sì dá a padà. Mo kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí ohun tó bá wa lè bá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ogun tó jà nílùú àwọn baba rẹ̀ ṣe eré.

Àwa mẹ́fà ni. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan lágbègbè Ouando la ti ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ọmọ Kétu ni káfíńtà tó ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló dàgbà jù nínú wa, Ẹ̀gbọ́n la sì ń pè é. Olùkọ́ kan wà láàárín wa tó wá láti Ṣábẹ̀ẹ́. Aránṣọ kan wà, obìnrin, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Kétu, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Gùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń tún fóònù ṣe. Èmi ni ìkarùn-ún. Ìkẹfà ni ọ̀rẹ́ wa kan tí wọ́n bí sí Abomey, olú ìlú Dàhòmì àtijọ́. Fofo ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé òun ló máa ń bá olùkọ́ jiyàn lórí òwe.

A kì í ra ère. Wáyà iná la ń ká ṣe egungun wọn, a ó wá fi àtè alápá méjì tí àwọn mẹkáníìkì ń pò pọ̀ láti dí táǹkì tó ń jò mọ ẹran ara lé e lórí. Ère kan ga tó mìlímítà 20. Àtè yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kò ní pẹ́ tó fi máa le, nítorí náà ẹni tó fẹ́ mọ fìlà tàbí ìbọn gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe kó tó pò ó. Aránṣọ wa ló ń kùn wọ́n. Kútẹ́ẹ̀sì èékánná ló ń lò fún aṣọ pupa, orí abẹ́rẹ́ ló sì fi ń tọ ẹyinjú sí wọn. Ìyẹ̀fun pákó tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ayùn Ẹ̀gbọ́n la ń rẹ sínú àwọ̀ ewé, tí a ń sá sóòrùn, tí a fi ń ṣe koríko.

Ká tó dé orí Kétu, a ti ṣe ogun Abẹ́òkúta ti ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, ó sì dùn. Ogun yẹn bá tábìlì mu. Àwọn ará Ìṣágá ti tan ọmọ ogun Gezo ọba Dàhòmì pé kí wọ́n gba ẹnubodè Aro wọlé, kí wọ́n sì wá lójú ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn Ẹ̀gbá ti tún odi wọn ṣe. Ọjọ́ kan ni, ojúkò kan ni, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó lè ṣe sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, Ẹ̀gbá borí lẹ́ẹ̀mejì, Dàhòmì borí lẹ́ẹ̀kan. Fofo ló kó ogun Dàhòmì lọ́jọ́ tó borí, gbogbo wa la sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun Dàhòmì lábẹ́ ọba Glèlè kọ́kọ́ jà á ní 1883. Wọ́n padà wá ní 1886, wọ́n dó tì í títí ebi fi wọ ìlú, wọ́n wó o, wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ. Ìlú wà láhoro títí ọmọ ogun Faransé tí ọ̀gágun Dodds kó sòdí fi ṣẹ́gun Behanzin, ọba tó jẹ ní Dàhòmì lẹ́yìn Glèlè, tí àwọn ọmọ Kétu wá ráyè padà sílé ní 1893 sí 1894. Ìlú olódi ni, yàrà yí i ká, ẹnubodè rẹ̀ sì ni Akaba Ìdènà, tí ẹni tó bá dé Kétu lónìí ṣì lè fojú ara rẹ̀ rí. Àwọn àgbà máa ń tú orúkọ ìlú náà sí ìbéèrè: ké tú iké, ké fọ́ ìlú? Ta ló lè tú iké ẹ̀yìn abuké, ta ló lè fọ́ ìlú? Ẹni tí wọ́n fi ìbéèrè yẹn tọ́ dàgbà, tó sì mọ̀ pé ìlú náà fọ́, kò lè jókòó ti 1886 bí ẹni jókòó ti lúdò. Ìyá tó bí bàbá bàbá Ẹ̀gbọ́n wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ, ó sì wà lára àwọn tó padà. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ní ká ṣe eré náà. Èmi ni mo jẹ́ adájọ́, mi ò sì bi í léèrè ohun tó ń wá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ẹ̀gbọ́n fi ṣe odi. Páálí ló fi ṣe inú rẹ̀, ó fi amọ̀ pupa rẹ́ ẹ, ó sì gbẹ́ yàrà sínú pákó gan-an kó má bàa jẹ́ àwòrán lásán. Ilẹ̀kùn Akaba Ìdènà ń ṣí, ó ń tì, orí abẹ́rẹ́ méjì ló ń yí lé. Ère 50 la fún Kétu, a fún Dàhòmì ní 100. Òfin ìbọn wa rọrùn: ṣakabùlà kì í ràn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ère kọ̀ọ̀kan tó bá yìnbọn ju dáìsì kan, ẹni tó wà ní gbangba, 4 sókè ló pa á, ẹni tó wà lẹ́yìn odi, 6 nìkan ló pa á.

Fofo kó Dàhòmì, ó yí ìlú ká, ó sì jókòó. Olùkọ́ ní kó máa bọ̀. Fofo ní, “Kí ni mo fẹ́ gun odi ṣe?” Ó ṣírò rẹ̀ fún wa lójú kan náà. Bí ère 30 bá yìnbọn sí odi, a óò rí bíi márùn-ún pa. Bí àwọn 30 tó wà lórí odi bá dá a padà, nǹkan bíi 15 ló máa ṣubú nínú tirẹ̀. Kò sí olórí ogun tó ní làákàyè tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá dúró. Àwọn ti inú ìlú náà dúró. Wákàtí méjì àtààbọ̀ la fi ń wo ara wa, títí sùúrù fi tán fún olùkọ́, tó ṣí ẹnubodè, tó kó ère 40 jáde sí gbangba. Àyípo mẹ́ta ni wọ́n fi tán.

Nínú gbogbo wa kò sí ẹni tó ṣeré burúkú lọ́jọ́ náà. Òfin tí mo mú wá ló ń béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyẹn ta ló yìnbọn pa ta, nígbà tó jẹ́ pé ìbọn kọ́ ló fọ́ Kétu. Ojú wa ni ìyẹn wà, n kò sì rí i. Ohun tí mo rí ni pé inú àwọn ọmọ Kétu ò dùn.

Nítorí náà, nígbà kejì, mo gba ọ̀nà tó kúrú jù. Mo ní kí 3 sókè máa pa èèyàn bí Kétu bá yìnbọn, mo fún wọn ní ère 30 mìíràn tó máa gba inú igbó dé ní àyípo karùn-ún, mo sì ní bí Akaba Ìdènà kò bá tíì ṣubú ní àyípo kẹjọ, Kétu ti borí nìyẹn. Pẹ̀lú òfin yẹn, ère 18 ń pa 12 lẹ́ẹ̀kan. Fofo gun odi torí pé mo ti fi àyípo mẹ́jọ dè é lọ́wọ́, a sì gé e bí ẹni gé àgbàdo. Ọ̀dọ́kùnrin wa gbé orin sẹ́nu, ó ń jó yí tábìlì ká.

Fofo kó àwọn ère rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi àkísà nu ìyẹ̀fun pákó kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, ó tẹ́ wọn sínú àpótí, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó sì lọ. Kò wá fún oṣù méjì.

Mo rò pé inú Ẹ̀gbọ́n yóò dùn, ó kéré tán. Ó jókòó síwájú odi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, kò fọhùn, nígbà tó yá ó ní, “Bí Kétu bá borí báyìí, kí ni wọ́n wá gbé ìyá wa lọ sí Abomey ṣe?”

N kò ní ìdáhùn, n kò sì gbàgbé gbólóhùn yẹn dòní. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi ṣe èèyàn méjì léṣe láìmọ̀. Mo sọ ogun àwọn baba Fofo di nǹkan tí a tò kalẹ̀ kó lè ṣubú. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀, ìyà tí àwọn tirẹ̀ jẹ gan-an ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìṣẹ́gun tí kò ṣẹlẹ̀ rí dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe adájọ́, kó ṣọ́ra fún ọ̀nà yìí ju ohunkóhun lọ, nítorí pé ó dà bí inúure.

Mo lọ bá Fofo nílé lọ́sẹ̀ kẹta. Ó gbà mí dáadáa, ó fún mi lómi, kò sì bínú. Ó ní, “Kì í ṣe pé mo pàdánù ló dùn mí. Ẹ fún mi ní ọmọ ogun 100, ẹ ò fún mi ní ìdí kankan tí mo fi wá.” Ó ní nínú òfin wa, Dàhòmì kàn wà níta odi bí òjò ṣe ń wà lójú ọ̀run. Kò jẹun, kò rẹ̀ ẹ́, kò ní ọba tó ń dúró de ìròyìn, kò ní oko tó ń dúró de òjò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé rìsíìtì kan, ó sì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ohun kejì tó yí ọ̀rọ̀ padà wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mú dáìsì lọ́wọ́ rí. Ìyá Ẹ̀gbọ́n ń gbé nínú ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A ò tíì tú tábìlì palẹ̀. Ìyá gbé ẹ̀kọ wá fún wa, ó dúró, ó wo ìlú náà pẹ́, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn Akaba Ìdènà, ó ṣí i, ó tì í. Ó wá bi wá pé, “Ọmọ ogun nìkan ló ń gbé Kétu ni? Àwọn ìyá dà? Àgbàdo dà?”

A wo ara wa. Lóòótọ́, inú odi tí Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì mọ, kò sí ilé kan ṣoṣo níbẹ̀.

Láti ìbéèrè Ìyá la ti tò ó nígbà kẹta. A kó owó ẹyọ 24 sínú ìlú, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún agbo ilé kan. A pín in sí àdúgbò mẹ́ta, ilé mẹ́jọ sí àdúgbò kan, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní ère ọmọ ogun 16. Àyípo kan di ọ̀sẹ̀ kan. A ka ọmọ àgbàdo 300 sínú àwo. Ilé kọ̀ọ̀kan ń jẹ ọmọ àgbàdo kan lọ́sẹ̀, ọmọ ogun àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń jẹ méjì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ń jẹ àjẹyó, oúnjẹ tán ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Bí wọ́n bá dín ti àwọn ilé kù sí ìdajì, ó di 18 lọ́sẹ̀, oúnjẹ á sì tó ọ̀sẹ̀ 16, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì a óò ju dáìsì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé tó bá mú 1, a ó da owó ẹyọ rẹ̀ dojú dé. Bó bá tún mú 1, a ó gbé e kúrò.

Ẹ ò lè mọ ohun tí dída owó ẹyọ dojú dé ń ṣe sí èèyàn àfi tí ẹ bá jókòó síbẹ̀. Ère ọmọ ogun tó ṣubú, a ti mọ́ ọn lára, a máa ń kó wọn sínú páálí láìwò wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ẹyọ mẹ́rin dojú dé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀dọ́kùnrin tó jó lọ́jọ́sí ni mo rí tó fi ọwọ́ bo àwọn tó kù.

Eku wọ inú àpótí láàárín ìjókòó méjì, ó jẹ nínú àgbàdo náà. Àríyànjiyàn ńlá ni. Olùkọ́ ní ká san án padà, Ẹ̀gbọ́n ní ṣé eku kò sí ní Kétu ni? Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n la fi ṣe òfin: lọ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, a ju dáìsì kan, iye tó bá jáde ni eku jẹ nínú àká.

Eré kẹta yìí dára, ṣùgbọ́n kò tíì tọ́. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú ìlú ń fi ojú kan náà wo àwo àgbàdo kan náà, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ bí akọ̀wé báńkì. Kò sí ìfura, kò sí ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni olórí ogun níta mọ iye tó kù nínú ìlú, nítorí ó ń rí i. Àwọn ọ̀gágun Prussia, ìjọba Jámánì àtijọ́ kan, ti rí àbùkù yìí tipẹ́. Nínú eré ogun tí Reisswitz, ọmọ ogun wọn kan, gbé jáde níbẹ̀ ní 1824, adájọ́ ló ń dúró láàárín àwọn ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹni tó ń ṣeré kì í sì í rí ju ohun tí olórí ogun tòótọ́ ìbá rí. Ní 1876, Verdy du Vernois, ọ̀gágun wọn kan, tilẹ̀ sọ pé kí adájọ́ gbé ìwé òfin sápá kan, kó fi ìmọ̀ ara rẹ̀ dájọ́. N kò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan ìtàn àwọn tó jókòó síbẹ̀. Bí mo bá fi ìmọ̀ mi pa ilé kan, wọ́n á ní mo pa á. Bó bá jẹ́ dáìsì, kò sí ẹni tí wọ́n á dì sínú. Ṣùgbọ́n ti ìbòjú, òdodo ni.

Nítorí náà ni eré kẹrin fi ní aṣọ ìkélé. Ẹ̀gbọ́n ta aṣọ sáàárín ṣọ́ọ̀bù, tábìlì kejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan gba àwo àgbàdo tirẹ̀, ó sì fi ọmọrí dé e. Èmi nìkan ló mọ ohun tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá fẹ́ kó ilé jáde lóru yóò sọ iye rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sí mi létí. Ẹni tó wà níta yóò ti kọ ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wà sórí ìwé. Bí wọ́n bá pàdé ẹ̀ṣọ́, wọ́n mú wọn. Bí wọn ò bá pàdé, 3 sókè lórí dáìsì, wọ́n là. Ṣùgbọ́n bí ilé tó jáde ní àdúgbò kan bá ju mẹ́rin lọ, ọmọ ogun àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìyàwó àti ọmọ wọn, mẹ́rin mẹ́rin, nígbàkigbà tí dáìsì wọn bá mú 1 tàbí 2.

Fofo ló bá mi kọ òfin Dàhòmì. Ó fún wọn ní oúnjẹ tó ń tọ ọ̀nà jíjìn bọ̀, ó fún wọn ní àìsàn nínú bùdó. Dàhòmì máa ń jagun lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ a ń ju dáìsì fún òjò: 1 tàbí 2, òjò dé, àwọn tí wọ́n kó láti oko sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn. Aránṣọ wa ló mójú tó àwọn ọmọ ogun obìnrin, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní mínọ̀, àwọn ìyá wa. Òfin tí mo mú wá tẹ́lẹ̀ fún wọn ní agbára bí ẹni tí orí rẹ̀ gbóná. Ó fa ìyẹn ya. Ó ní ohun tí àwọn òyìnbó tó rí wọn ròyìn ni ìdánrawò: bí wọ́n ṣe ń gun odi ẹ̀gún láìwọ bàtà, tí wọ́n ń tò padà láti tún un gùn. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe wèrè. A ní kí wọ́n lè la yàrà kọjá láìdúró, a sì yọ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ tó pẹ́ jù nílẹ̀ ni ti àwọn tí wọ́n bá mú. Ọ̀dọ́kùnrin wa ní ká ka owó ẹyọ tí Dàhòmì bá mú sí èrè fún un, torí pé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ìtàn. Fofo kọ̀, ó ní òun kò ní fi ìyá ẹnikẹ́ni ka èrè nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹ̀gbọ́n ní ká má sì fi í pamọ́, torí wọ́n kó wọn lọ lóòótọ́. A jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí a fẹnu kò sí ni igbá funfun kan tó wà láàárín tábìlì: ibẹ̀ ni owó ẹyọ tí wọ́n bá mú ń lọ, kò sì wà nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Olórí ogun Dàhòmì ṣe àṣeyọrí bó bá wọ ìlú kí òjò tó tú ogun rẹ̀ ká. Àwọn ará Kétu, iye ilé tó bá là ni tiwọn. Èèyàn lè pàdánù ìlú, kó sì tún ṣe iṣẹ́ ńlá.

Aránṣọ ló dá a lábàá pé ká pààrọ̀ ipò. Ẹ̀gbọ́n lọ síta odi, òun àti aránṣọ. Fofo wọ inú Kétu pẹ̀lú olùkọ́ àti ọ̀dọ́kùnrin.

Ọjọ́ Àìkú méjì la fi ṣe é. Títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ilé márùn-ún ti là. Eku jẹ mẹ́fà nínú àwo olùkọ́, ó sì di pé ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ oúnjẹ rẹ̀ kò ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kò lè bẹ̀bẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣí ọmọrí àwo rẹ̀ han àwọn yòókù. Ó ṣí i. Fofo wo inú àwo náà, ó wo tirẹ̀, ó sì ka 20 fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá sọ sí mi létí pé òun fẹ́ kó ilé mẹ́ta gba ọ̀nà àríwá jáde, torí pé oúnjẹ tí òun fún olùkọ́ ti jẹ́ kí tòun kéré.

Ọ̀nà àríwá gan-an ni Ẹ̀gbọ́n ti kọ sórí ìwé. Wọ́n mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo gbé owó ẹyọ mẹ́ta náà kọjá lábẹ́ aṣọ ìkélé, mo gbé e lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ kó gbé e sínú igbá. Kò gbé e. Ó na ìka lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn wò, ẹ̀yìn àti inú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jù wọ́n sínú igbá, ìró wọn sì dé ọ̀dọ̀ Fofo lódìkejì, torí mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, agbo obìnrin la yàrà kọjá níbi tí kò sí ẹni tó ṣẹ́kù lórí odi mọ́, aránṣọ sì fi ìka kan ṣí ilẹ̀kùn Akaba Ìdènà láti inú.

A kà á. Ilé mẹ́sàn-án ló là, mẹ́rin ni ebi pa, 11 wà nínú igbá. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá gbé oúnjẹ wá, a jẹun, Fofo sì bi Ẹ̀gbọ́n léèrè orúkọ ìyá àgbà tó lọ tó padà. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ fún un. Ọdún mẹ́fà la ti fi jọ ń ṣeré, kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe adájọ́, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mú níbẹ̀ ni pé nígbà tí eré bá kú lórí tábìlì, ẹ má tètè gbá dáìsì mú. Ẹ wo ohun tí àwọn tó wà nínú ogun náà ń rò lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, kí ẹ sì wò ó bóyá ó wà lórí tábìlì yín. Ti Kétu, àgbàdo ni àti ọ̀nà òru, a sì fi gbogbo eré méjì àkọ́kọ́ ka ìbọn. Ẹ bi ẹ̀gbẹ́ tí kò sí ẹni tó fẹ́ kó ogun rẹ̀ léèrè ìdí tó fi wá. Tí òfin yín ò bá lè dáhùn, òfin ni kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ má bínú sí ẹni tó kọ̀ láti ṣeré. Pípààrọ̀ ipò ṣiṣẹ́ fún wa, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní mo gbé Ẹ̀gbọ́n sí ipò Dàhòmì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí igbá funfun tó wà, ì bá dìde kúrò nídìí tábìlì, mi ò sì ní lè dá a lẹ́bi. Ẹ má sì ṣe é mọ́jú. Wákàtí mẹ́ta tó fún irú eré yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, àárẹ̀ á jẹ́ kí èèyàn sọ ohun tí kò ní lọ́kàn.

Ìṣòro kan kù tí mi ò tíì yanjú. Àwo tí a fi ọmọrí dé dára, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí adájọ́ máa rìn bí ẹni tó gbé ẹ̀rù àṣírí, ojú mi sì ti fẹ́ẹ̀ tú u fó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń rò ó pé kí n máa gbé ìwé kékeré fún olúkúlùkù dípò kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀ létí.

Owó ẹyọ 11 náà ṣì wà nínú igbá lórí pẹpẹ irinṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n. Fofo ti ń kọ òfin èyí tó kàn, 1893 sí 1894, láti Abomey padà sí Kétu: ta ló ṣì mọ ọ̀nà, ta ló ti bímọ síbẹ̀ tí kò fẹ́ lọ mọ́, kí ni wọ́n máa jẹ lójú ọ̀nà. Kò tíì sí ère ọmọ ogun kankan nínú rẹ̀.